Ojú Kọ̀ǹpútà Gbádé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màmá Àgbà tún dákú lónìí. Kọ̀ǹpútà Gbádé, ọkọ mi, ni Màmá Àgbà, èyí tó fi ń gé fídíò ní sọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ stéṣọ̀n rélùwéè. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbó. Bí wọ́n bá ní kó ṣiṣẹ́, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè. Bẹ́ẹ̀, òun ló gbé wa dé ibi tí a dé. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, wòlímọ̀, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ Poli — kò sí irú ayẹyẹ tí kò tíì gba ikùn rẹ̀ kọjá.

Gbádé ò bínú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní kí n jẹ́ kó máa dákú lọ, pé tuntun ń bọ̀. Mùíz ló fi ìròyìn ránṣẹ́ láti Ìlọrin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan lókè òkun fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà jáde fún àwọn tó ń gé fídíò nìkan. Kò sẹ́ni tó tíì rí i. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò tíì lanu. Ṣùgbọ́n Mùíz mọ bó ṣe yára, ó mọ bó ṣe wúwo, ó mọ àwọ̀ tí wọ́n kùn ún.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Gbádé. Létí ayé, Dàdí Dámọ́lá ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Kò síná. Gbádé ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti fún èyí tó ń bọ̀ náà lórúkọ. Orogún. Kí ni kí n tún pe ohun tí ọkọ mi ń fi orúkọ rẹ̀ jí, tó ń fi í sùn?

Mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní sọ́ọ̀bù. Ó ti palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó ti mú ṣọ́ọ̀kì kan nínú báàgì ilé ìwé mi, ó fi fa ìlà láti etí tábìlì kan dé etí kejì. Ó ní bí ojú rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó nìyẹn. Ohun tó ń yọ òun lẹ́nu lára Màmá Àgbà nìyẹn gan-an — ojú rẹ̀ há jù. Nǹkan ń sá pamọ́ fún òun ní ẹ̀gbẹ́.

"Bó bá ti fẹ̀ báyìí, Mọ́mì Dámọ́lá, gbogbo ẹ̀ ni màá máa rí lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ ra èyí tó wà lọ́jà. Ó ní èèyàn kì í ra àgbàdo àná nígbà tí tòní ń gbó lóko. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣèlérí aṣọ ọdún fún. Mi ò rọ́kàn sọ pé a ò tíì rí oko náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó yọ̀ báyìí. Mo jókòó, mo ń gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé ìwé wọlé. Kíláàsì mi kún dẹ́nu ọ̀nà. Ohùn mi ti há kí wọ́n tó lu aago ìsinmi. Mo gun kẹ̀kẹ́ wálé — ọ̀kadà Gbádé ti wà nílẹ̀ látìgbà Àjíǹde. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Kò pe mẹkáníìkì.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Alhaja Àṣàkẹ́ wá lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn ni Gbádé ṣe fídíò ìgbéyàwó ọmọ wọn lóṣù tó kọjá. Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kó ṣí fídíò náà, kó fi ìyá àwọn han àwọn.

Ìyá Ìjàgbó, arúgbó tí kì í jáde mọ́, tí wọ́n rọra gbé sínú mọ́tò wá láti Ìjàgbó kí ó lè fọwọ́ lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí. Gbádé ṣí i. Ó wá a débi tí wọ́n ti ń ṣàdúà fún ìyàwó.

"Gbádé, ìyá mi dà?"

Ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ arúgbó kan lórí ìbòrí ìyàwó, ó yọ láti etí àwòrán, kò ní èèyàn lẹ́yìn. Gbádé ti fa àwòrán náà súnmọ́, ó sì ti gé ìyá náà dànù. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkùnrin kan ń fi ìka ro imú, ó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ojú kọ̀ǹpútà ló ti bàjẹ́, kì í fi ẹ̀gbẹ́ han òun mọ́. Ó ní èyí tí kámẹ́rà yà gan-an wà nílẹ̀ ní odindi, òun á tún un ṣe. Alhaja ní kò burú, kó má pẹ́, pé ara ìyá àwọn ò yá. Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde, wọ́n ní kí n bá ọkọ mi wá kọ̀ǹpútà gidi.

Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ṣùgbọ́n lórí àga ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ náà ní etí àwòrán.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà na ọwọ́ sí Gbádé láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Gbádé kọjá bíi pé igi ló dúró síbẹ̀. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo bọ ọwọ́ náà fún un. Kó tó dé géètì, ó ti fi èjìká gbá màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ń wò wá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ọkọ Susannah ti ń gbéra ga.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Mùíz ní Orogún ò ní jáde lọ́dún yìí mọ́. Gbádé ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ó máa jáde. Irọ́ ni ti ìjẹta. Méjì ni wọn yóò ṣe, kékeré àti ńlá. Gbádé àti Mùíz jiyàn lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Mùíz ní á máa pariwo bó bá gbóná. Gbádé ní kò lè pariwo, pé wọ́n á ti wá nǹkan ṣe sí i. Mùíz ní bí fídíò bá gùn tó ìsìn àìsùn, kéèyàn tó fọ ẹnu tán, á ti sè é jinná. Gbádé ní kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Àgbà ọkùnrin méjì, wọ́n ń jà lórí ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Fídíò Alhaja wà nílẹ̀ síbẹ̀. Mo béèrè. Ó ní bí Orogún bá dé ni yóò rọrùn. Òun gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira, kò síṣẹ́. Mo lọ bá a jókòó ní sọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kó ṣe ti Alhaja lójú mi.

Mi ò wo fídíò. Gbádé ni mò ń wò. Ó ń yí orí kiri bí adìẹ tó ń wá ọkà — sọ́tùn-ún, sósì, sókè. Nǹkan funfun ṣóńṣó tí wọ́n fi ń tọ́ka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ó tún ti sá lọ. Kò sá lọ. Ó wà ní igun ọ̀tún, ó dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbé ọwọ́ mi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì rẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Mo mi ìka. Mo tún un mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ó ń bọ́rọ̀ rẹ̀ lọ: bí Orogún bá dé, ibí ni yóò gbé e sí, ibí ni wáyà yóò gbà.

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo ní mò ń lọ ra omi. Ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù ni mo lọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo pe Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé ẹnì kan nínú ẹbí wọn ti fọ́jú rí?

Bàbá Òjòkú. Bàbá Gbádé. Àgbẹ̀ tó lágbára, ojú rẹ̀ lọ nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Gbádé kékeré ló ń di orí ọ̀pá mú, tó ń fà á lọ sí oko iṣu, tó ń fà á bọ̀.

Abọ́sẹ̀dé ní gulokómà. Omi inú ojú ló ń le jù, tó ń pa ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kì í dunni. Kì í yúnni. Ó ní ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀, nítorí ohun tí kò rí, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá kíákíá.

Kíákíá. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni, tí màá pọ̀n ọ́n?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún un. Mo kọ́kọ́ se ẹ̀bà, mo dúró kó jẹun tán. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Dàdí Dámọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò, kó má jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan kọ́.

Ó ní kọ̀ǹpútà ni.

Mo ní Abọ́sẹ̀dé ní irú nǹkan báyìí máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ní Bàbá Òjòkú. Kò yẹ kí n dárúkọ Bàbá. Kò gbóhùn sókè. Ó kàn wo àwo tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo mọ bí afọ́jú ṣe ń ṣe. Èmi ni mo fà á lọ́pàá. Má fi mí wé e mọ́ láyé."

Ó dìde. Bó ṣe ń jáde, èjìká rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn, ó dún gbì.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Bákan náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Dámọ́lá, ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ó wà ní SS2, ó gùn jù mí lọ. Ó bi mí ní ilé ìdáná pé kí ló dé tí Dàdí kì í dáhùn bí òun bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àfi bí òun bá wá síwájú. Mo ní iṣẹ́ ni wọ́n ń rò. Ó ní òun rò pé wọ́n ń bínú sí òun ni.

Irọ́ tí mo pa fún un kò tiẹ̀ dára.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí sọ́ọ̀bù láìbéèrè. Mo fa àga sí ọ̀tún rẹ̀. Mo ní ká ṣe ti Alhaja. Ó ṣí i.

Òun ló ń fà á, èmi ló ń sọ: ẹ sún un sẹ́yìn. Díẹ̀ sí i. Ẹnì kan wà lósì, ẹ má gé e. Báyìí. Ẹ fi í bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìjàgbó padà sínú àwòrán ní odindi, ó ń wúre, ẹnu rẹ̀ ń mì. Gbádé wò ó pẹ́. Àárín ló ń wò, lẹ́yìn náà ó yí orí láti wá ìyá náà.

Kò dúpẹ́. Kò sì ní kí n dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Màmá Àgbà kú. Èéfín díẹ̀, òórùn ike tó jóná, ó parí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti kó ti Alhaja sórí nǹkan mìíràn.

Gbádé jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Mùíz pè ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ó ti rẹ òun láti dúró de Orogún, òun ti ra èyí tó wà. Ó ní ojú rẹ̀ fẹ̀ bí pápá, kí Gbádé wá wò ó kó lè fi mọ bí èyí tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Mo ní a máa lọ. Èmi ni mo dáhùn. Ìsinmi àárín táàmù ń bọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Abọ́sẹ̀dé pé kó máa retí wa, bóyá. Mo kọ "bóyá" náà tán, mo ń wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Ìlọrin. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Mùíz gbà wá tayọ̀tayọ̀. Ó ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà náà kó lè ṣí i lójú Gbádé. Ó ṣí i. Ó tàn án. Èmi gan-an fà sẹ́yìn. Ó gba tábìlì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbéyàwó kan wà lójú rẹ̀: ìyàwó láàárín, ẹbí ọkọ lápá kan, ẹbí ìyàwó lápá kejì, kò sẹ́ni tó sọnù.

Gbádé jókòó síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó dà bíi pé ó ń dúró de nǹkan. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

"Mùíz, wọ́n tàn ọ́ jẹ. Kò fẹ̀ ju tèmi lọ."

Mùíz bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹlòmíì ò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Gbádé na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ọwọ́ wá etí rẹ̀, ọwọ́ náà ń lọ, ó ń lọ, ó sì dé etí. Ó na ti òsì. Ọwọ́ méjèèjì ti là gbayawu bíi ti ẹni tó fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀.

"Súsà." Láti ìgbà tí a ti bí Dámọ́lá, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. "Níbo ni Abọ́sẹ̀dé ní ká wá?"

Mùíz ló wà wá lọ sí ilé ìwòsàn. Abọ́sẹ̀dé ti bá wa gba káàdì. Dókítà obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù. Wọ́n gbé Gbádé síwájú ẹ̀rọ kan, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá rí iná. Iná ń tàn. Ó di bọ́tìnnì mú, kò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́yìn, mò ń fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ fún un.

Òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ọ̀tún, àárín ló kù. Dókítà ní ohun tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù la ó jà fún. Oògùn lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ tí yóò fi ríran sí i o — kí ó má baà pàdánù ìyókù ni.

Mo rò pé yóò béèrè nípa iṣẹ́. Kò béèrè.

"Mo ní ọmọbìnrin kan," ló sọ.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ká mú un wá.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹwàá

Mùíz fi ohùn ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ti sọ̀rọ̀ wàyí, Orogún yóò jáde nínú ọdún tuntun. Gbádé gbọ́ ọ títí dópin. Ó gbé fóònù fún mi. Ó ní owó tó wà ní báǹkì, ti iṣẹ́ abẹ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó sọ nìyẹn láti bí oṣù kan. Nígbà tó sọ ọ́, mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

A mú Dámọ́lá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìlọrin. Ó ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri, títí dé èyí tó kéré bí iyanrìn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Mọ́mì, ẹ wò ó, mo kà á tán. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi.

Dókítà fi ẹ̀rọ wọn omi inú ojú rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó pa iná yàrá, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ojú náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó tan iná padà, kò wo Dámọ́lá. Èmi ló wò.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Lójú méjèèjì. Ó ní díẹ̀ ni, ó ní a tètè rí i, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní irú oríire yẹn. Oògùn ní alaalẹ́, títí ayé, kó má gbàgbé lọ́jọ́ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Gbádé jókòó síta lórí bẹ́ńṣì, ojú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀kùn kó lè rí wa bí a bá jáde. Dámọ́lá lọ bá Abọ́sẹ̀dé níbi oògùn. Mo jókòó ti Gbádé. Mo sọ fún un.

Ó ní: "Tèmi ni mo fún un."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú bọ́ọ̀sì, Dámọ́lá jókòó sáàárín wa, ó sun oorun lé èjìká bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Èmi ló kán oògùn fún àwọn méjèèjì. Gbádé ní láti ọ̀la, òun ni yóò máa kán ti Dámọ́lá. Mo gbé ìgò náà fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

A jẹun ìrọ̀lẹ́ tán. Ó pe Dámọ́lá. Ó ní kó dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn, kó wòkè. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fọ ọwọ́ kó tó wá, omi ṣì wà lára ìka rẹ̀. Ó fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sísàlẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, ó gbé ìgò sókè.

Ẹ̀kán kìíní bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní pẹ̀lẹ́. Èkejì bọ́ sórí ìpéǹpéjú, ó ṣàn lọ sí etí. Kò mọ̀. Ó ń yí orí, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀.

Mo dìde láti gba ìgò náà. Dámọ́lá gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ ò lè rí i: kí n jókòó.

Mo jókòó.

Ó rọra sún orí rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ẹnu ìgò náà bó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ Gbádé, ó ń sún, títí ojú rẹ̀ fi wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó dúró. Ẹ̀kán náà bọ́.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, Dàdí."

Gbádé mí kanlẹ̀. Ó ní ó dára, kó gbé ojú kejì wá. Dámọ́lá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún orí rẹ̀, ó ń wá ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà.